Ọjọ́ Kẹtàlélógójì

"Ó di ọjọ́ kelòó tí ó bímọ kí ó tó kú?"

Akọ̀wé ló béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Àjọkẹ́, láti ibi tí ó so kọ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀rọ ni, kò tóbi ju obì kan lọ, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́, ó ń kọ, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin ni wọ́n fún un, ohùn jẹ́jẹ́ tí kì í gbọ̀n. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe oníbéèrè, tí mo ń gbé e kọ́rùn wọ ilé ọ̀fọ̀, n kò sì fẹ́ràn ohùn náà lọ́jọ́ kan. Ẹni tí omijé kò dà lójú rẹ̀ rí kò yẹ ní ẹni tí yóò máa bi ìyá olókùú léèrè ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí n ó bá òfin jà.

Àjọkẹ́ jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ọmọ tí Wúràọlá ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ sùn sí i láyà. Èmi ló ń wò. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n gbé èmi àti ẹ̀ sí nígbà tí òkun gba ilé àwọn bàbá wa. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wá nígbà náà, àtìgbà náà ni a sì ti jọ ń gbé ní Asáfómi lórí òkè yìí.

"Ìbídùn," ó ní, "ṣé dandan ni kí nǹkan yìí máa bi mí? Ṣé ìwọ náà ò sí níbẹ̀ ni?"

"Dandan ni. Ẹnu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti jáde. Wọn kì í gba ìwé ilé ìgbẹ̀bí gbọ́ mọ́, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé ìgbẹ̀bí ti fi òkú pamọ́ jù."

Ó mí kanlẹ̀. "Ọjọ́ kẹtàlélógójì ni."

Iná ara Akọ̀wé, tó ti ń tàn pupa láti ìgbà tí a ti búra, di àwọ̀ eérú. "Kò wọlé," ó wí. "Ọjọ́ méjìlélógójì ni òfin fi mọ. A kò kà á mọ́ ikú abiyamọ. Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn."

Nígbà tí ọmọ tuntun bá kú tí ìyá rẹ̀ yè, a máa ń kí i pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Èyí tí agbè fọ́, tí omi ò dànù, n kò tíì gbọ́ ìkíni rẹ̀ rí. Kí ẹ̀rọ tí kò bímọ wá máa kí wa lórí rẹ̀, inú bí mi. Ó sì tún bí mi nítorí pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi náà ti fi ìka ka ọjọ́ náà ṣáájú kí n tó wọlé, kẹtàlélógójì ló já sí, mo sì mọ̀ pé kò ní wọlé.

Ojú fèrèsé kún fún àwọn obìnrin. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti dúró síbẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀fọ̀ nìkan ni wọ́n bá wá. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí pátákó ẹnubodè ìlú, níbi tí nọ́ńbà mẹ́rin ti ń tàn láti oṣù kẹsàn-án. Ìyá mẹ́rin ni ìbímọ ti pa ní Asáfómi lọ́dún yìí. Bí wọ́n bá pé márùn-ún kí ọdún tó parí, Ilé Òǹkà lókè òkun, tó ń bójú tó àwọn orílẹ̀-èdè tí ọwọ́ wọn kò tó nǹkan, yóò fi ẹ̀rọ aṣẹ̀jẹ̀ kan, tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun fún ẹni tí tirẹ̀ ti dà, ránṣẹ́ sí wa. Bí ó bá ku ẹyọ kan, a ò rí nǹkan kan gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

Ṣẹ̀gilọlá, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá Oníbéèrè, ẹ̀rọ náà ò wá mọ́ nìyẹn?"

Bó ti sọ ọ́ tán ló fọwọ́ bo ẹnu. Kò sẹ́ni tó bá a wí, nítorí ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn ló sọ. Ẹ̀jẹ̀ ló pa Wúràọlá. Ó ya lọ́jọ́ tó bímọ, ojú rẹ̀ funfun báláú láti ọjọ́ náà, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kẹfà ẹ̀jẹ̀ náà tún ṣí. Òkè-Ìlérí ni ẹ̀rọ aṣẹ̀jẹ̀ tó sún mọ́ wa jù wà, ìrìn wákàtí mẹ́fà lórí omi. A ti lo mẹ́ta nígbà tó dákẹ́ sínú ọkọ̀, orí rẹ̀ wà lórí itan mi.

"Kí ló ń jẹ́ kò wọlé?" Àjọkẹ́ béèrè. Kò pariwo. "Nítorí ọjọ́ kan? Ọjọ́rú ló bí ọmọ yìí, Ìbídùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, Ọjọ́rú, a sọ ọ́ lórúkọ, ìwọ lo fi oyin kàn án lẹ́nu. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Ọjọ́rú. Ọjọ́ kejìlélógún, Ọjọ́rú, ìgbà yẹn ló ní òun fẹ́ jẹ ẹja. Kọkàndínlọ́gbọ̀n. Kẹrìndínlógójì. Kẹtàlélógójì, Ọjọ́rú náà ni, ọmọ mi kú. Ta ló wá sọ pé ìbímọ kọ́ ló pa á?"

"Ọjọ́rú sí Ọjọ́rú, ọjọ́ méje," Akọ̀wé wí.

Mo ní kí ó tún un wí.

"Ọjọ́rú sí Ọjọ́rú jẹ́ ọjọ́ méje. Láti Ọjọ́rú ìbí sí Ọjọ́rú ikú jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ méjìlélógójì. Ìdáhùn méjèèjì tako ara wọn. Èwo ni kí n kọ?"

Gbogbo ẹni tí wọ́n bí nílé wa ló mọ̀ pé ọjọ́ tí a bí ọmọ ni ọjọ́ kìn-ín-ní rẹ̀. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nìyẹn, bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà nìyẹn. Níbi tí wọ́n ti ṣe Akọ̀wé, ó jọ pé ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbé ìdáhùn àwọn ìyá fún un, kò sì wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ kan pé ẹ̀rọ lè máa ka ọjọ́ ọ̀tọ̀.

"Kọ ọjọ́ méjìlélógójì," mo ní.

Iná náà di àwọ̀ ewé. "Ó wọlé." Lẹ́nubodè, mẹ́rin parẹ́, márùn-ún yọ. Àwọn obìnrin tó wà lójú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Inú wọn dùn, mo rí i, ojú sì ń tì wọ́n pé inú wọn dùn. Ṣẹ̀gilọlá fọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú. Àjọkẹ́ nawọ́ sí mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi. O ò jẹ́ kí ó kú lásán."

Ìgbà yẹn gan-an ni Adérójú sọ sí mi lọ́kàn. Mo yọ ọwọ́ mi. Mo ní mo fẹ́ mu omi.

Mo lọ dúró sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi òjò. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni wọ́n pè mí sílé Adérójú. Ìyá rẹ̀ ló dáhùn ìbéèrè, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó ń hun ìgèrè ìpẹja. Ọjọ́ kẹtàlélógójì, ohun tó sọ nìyẹn. Iná di eérú. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fi ohùn tèmi náà tó jẹ́jẹ́ sọ fún un pé kó má bínú, ọjọ́ kan péré ló fi lé. Mẹ́rin ni pátákó wà lọ́dún náà. Ó wà ní mẹ́rin títí ọdún fi parí, tó sì padà sí òdo. Mo rántí pé mo sọ lójú ọjà pé kí a máa dúpẹ́ pé kò di márùn-ún.

Márùn-ún ni. Ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀rọ aṣẹ̀jẹ̀ ì bá ti wà ní ilé ìgbẹ̀bí wa, ní ìsàlẹ̀ òpópó yìí, níbi tí a lè gbé Wúràọlá dé kí omi tó hó lórí iná.

Mo bi Akọ̀wé léèrè. "Bí oníbéèrè bá rí àṣìṣe nínú ìbéèrè tó ti parí ńkọ́?"

"Kí ó jẹ́wọ́. A ó gba òǹtẹ̀ àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A ó sọ ohun tó jẹ́wọ́ fún gbogbo oníbéèrè. Gbogbo ìbéèrè tí ó ti ṣe kò ní dúró mọ́, títí oníbéèrè mìíràn yóò fi tún wọn ṣe."

"Títí kan ti òní?"

"Títí kan ti òní."

"Ìgbà wo ni oníbéèrè mìíràn máa dé?"

"Wọn kò dá ọjọ́."

"Bí n bá dákẹ́ ńkọ́?"

"N kò tíì gbọ́ ohun kan tí o jẹ́wọ́."

Kì í purọ́, ìyẹn ni n ó fi yìn ín. Iná ewé rẹ̀ ń tàn sí mi láyà. Bí mo bá pa ẹnu mi mọ́, ẹ̀rọ yóò dé ní oṣù kìn-ín-ní, Àjọkẹ́ yóò sì máa pè mí ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí a ó fi kú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, márùn-ún yóò lọ. Ṣùgbọ́n oníbéèrè mẹ́rìndínlógójì ló wà ní ilẹ̀ wa, èmi ni mo sì kọ́ gbogbo wọn. Ohun tí ìyá bá sọ ni kí ẹ gbé fún Akọ̀wé, ẹ̀kọ́ tí mo fún wọn nìyẹn, ẹ má fi tiyín kún un. Níbì kan lónìí, ọ̀kan nínú wọn lè jókòó ti ìyá kan tó ń ka ọjọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, kí iná sì di eérú.

N kò ní ìgboyà àtipadà sọ́dọ̀ Àjọkẹ́. Ìyá Adérójú ni mo kọ́kọ́ lọ bá.

Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ni mo ti bá a, ó ń hun ìgèrè. Ọmọ Adérójú, ọmọbìnrin tí òun nìkan tọ́ láti jòjòló, ti lọ ilé ìwé. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Màmá."

Ó wò mí. "Ta ló tún kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Mà. Ọ̀rọ̀ Adérójú ni mo bá wá."

Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, n kò fi epo sí i. Kò dá iṣẹ́ dúró títí ó fi hun ìlà kan tán.

"Kẹtàlélógójì ni mo sọ," ó ní. "Láti ọjọ́ tó bímọ ni mo ti kà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìwọ ṣe ń kà á ni?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, Mà. Ẹ̀rọ yìí ni kì í kà á bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ ò sì bi í?"

"N ò bi í, Mà."

"Oníbéèrè sì ni wọ́n ń pè ọ́."

Mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sun ún. Nígbà tó yá, ó fi ẹsẹ̀ tì mí díẹ̀. "Dìde, pankẹ́rẹ́ mi lo kúnlẹ̀ lé. Adérójú ti kú kí o tó dé ilé wa, o ò pa á. Kíkà ni o ò kà á. Àjọkẹ́ ti gbọ́?"

"Rárá, Mà."

"Ibẹ̀ ló yẹ kí o ti kúnlẹ̀."

Nígbà tí mo padà, àwọn obìnrin ti tú ká, Ṣẹ̀gilọlá nìkan ló kù, ó ń bá Àjọkẹ́ gbọ́n omi wẹ ọmọ. Mo ní kí ó dúró, ọ̀rọ̀ náà kan òun náà. Mo kúnlẹ̀ síwájú ọ̀rẹ́ mi láti ọdún méjìléláàádọ́ta, mo sì sọ fún un.

Ó wẹ ọmọ náà tán. Ó nù ún, ó fi òróró pa á lára, ó fi aṣọ dì í. Mo rò pé kò gbọ́ mi.

"Nígbà tí oyún Wúrà di oṣù méje," ó ní, "mo sọ fún ọ pé ẹ̀rù ń bà mí. O ní kí n má bẹ̀rù. O ní ìlú wa ò burú, pé a ò tíì dé márùn-ún rí."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Ìdí tí n ò fi gbé e lọ sí Òkè-Ìlérí lọ bímọ nìyẹn."

Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó so ọ̀já, ó tú u, ó tún un so.

"Bí o bá jẹ́wọ́, wọ́n á yọ Wúrà kúrò?"

"Títí oníbéèrè mìíràn á fi dé. Ó lè pé ọdún kan. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ò ní wá."

"Bí o ò bá jẹ́wọ́?"

"Ẹ̀rọ á wá síbí. Ní ìlú àwọn ẹlòmíràn, wọn ò ní ka ọmọ wọn."

Ṣẹ̀gilọlá ti jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Àjọkẹ́ wo ikùn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Ìwọ, wọ́n ń gbé ọ lọ sí Òkè-Ìlérí lónìí. O ò ní dúró kí o rọbí kí a tó máa sáré. Kó aṣọ rẹ, kí o ránṣẹ́ pe ọlọ́kọ̀, kí o lọ jókòó ti ẹ̀rọ wọn títí o fi máa bí." Ṣẹ̀gilọlá ní òun ti gbọ́, Mà, ó sì dìde. Ìgbà yẹn ni Àjọkẹ́ yíjú sí mi. "Sọ ọ́. Adérójú ti wà níta fún ọdún mọ́kànlá. Ọmọ tèmi á bá a dúró níbẹ̀."

"Àjọkẹ́, dárí jì mí."

"Èyí tí mo ní kí o sọ kọ́ nìyẹn."

Mo gbé Akọ̀wé sókè sẹ́nu. Mo jẹ́wọ́ ìbéèrè Adérójú. Mo jẹ́wọ́ ẹ̀kọ́ tí mo fi kọ́ àwọn mẹ́rìndínlógójì. Mo ní kí wọ́n máa bi àwọn ìyá léèrè ọjọ́ àti oṣù tí ọmọ wọn bímọ, àti ọjọ́ àti oṣù tó kú, kí wọ́n má béèrè iye ọjọ́ mọ́. Ó gbọ́ mi jálẹ̀. Ó ní òun ti gbà á, òun sì ti fi ránṣẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún, okùn rẹ̀ tú fúnra rẹ̀ lọ́rùn mi, ó sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Iná rẹ̀ kú. Ọrùn mi fúyẹ́ lọ́nà tó bà mí nínú jẹ́.

Ní ọ̀sán, a bá Ṣẹ̀gilọlá lọ sí ẹnubodè, níbi tí omi ti pàdé ẹsẹ̀ òkè. Àjọkẹ́ ń rìn níwájú, kò dúró dè mí. Ìyá Adérójú ti wà níbẹ̀, ó mú ìgèrè méjì wá tà. Àwọn obìnrin ìlú pé jọ síbẹ̀, wọ́n gbójú sókè. Èmi ni mo ṣe ìbéèrè ikú àwọn mẹ́rin ìṣáájú náà, nítorí náà wọ́n ti bá Wúràọlá lọ. Òdo ló wà lórí pátákó. Mo ṣàlàyé fún wọn, ohùn mi ń gbọ̀n. Àwọn kan bú mi. Mo jẹ́ kí wọ́n bú mi.

Ọkọ̀ gúnlẹ̀. Obìnrin tó ń wà á, àlejò láti apá ìsàlẹ̀ omi, so okùn mọ́ òpó, ó gbójú sókè wo pátákó, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ará Asáfómi. Ọdún ń parí lọ, ìyá kankan ò kú lọ́wọ́ yín. Ẹ bá mi gbàdúrà kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀."

Àwọn tó ń bú mi yíjú sí i. Ìyá Adérójú ló gbé ìgèrè rẹ̀ sílẹ̀.

"Adérójú," ó ní. "Ọmọ mi ni. Ọjọ́ kẹtàlélógójì."

Obìnrin ọlọ́kọ̀ wò ó, kò yé e. Àjọkẹ́ fọwọ́ gbá ìdí ọmọ tó pọ̀n, ohùn rẹ̀ kò sókè. "Wúràọlá. Ọjọ́ kẹtàlélógójì."

Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Ìyàwó mi, Fadékẹ́mi. Orí ìkúnlẹ̀." Ìyá arúgbó kan pe orúkọ kan tí n kò tíì gbọ́ láti ọdún méjìlá. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn yíjú sí mi, àti Àjọkẹ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, nítorí èmi nìkan ló mọ gbogbo wọn tán. N kò ní òǹtẹ̀, ohunkóhun kò sì so mọ́ mi lọ́rùn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìn-ín-ní iṣẹ́ mi, mo ń pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ka ọjọ́ wọn bí àwọn ìyá wọn ṣe kà á.

Obìnrin ọlọ́kọ̀ náà gbé àjẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.